Ẹfun tó dí páìpù: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ilé kan ní Peckham

Ilé àtijọ́ alájà mẹ́ta ni, ní Peckham, gúúsù ìlà-oòrùn London. Láti ayé Queen Victoria ni wọ́n ti kọ́ ọ. Màmá tí wọ́n ni ilé náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ gbogbo ọmọ wọn dàgbà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí n wá wò. Omi gbígbóná ilé ìwẹ̀ kò jáde mọ́, àfi kó máa ro tóótóó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀ máa ń kún dé etí kí omi tó fà. Síńkì ilé ìdáná náà, bí wọ́n bá fọ abọ́ méjì péré, omi á dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi gbé ìkòkò mìíràn kaná.

Ẹni tí wọ́n pè ṣáájú mi ti da ásíìdì sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹlòmíràn tó tún wá ní ẹfun omi London ti jẹ páìpù ilé náà tán, pé kí wọ́n la ilẹ̀ àti ògiri, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá. Owó tó pè kì í ṣe kékeré.

"Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ la máa fọ́ ilé yìí?"

"Ẹ má fọ́ nǹkan kan o, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó dí i, ká sì mọ ibi tó ti dí i."

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Gbogbo èèyàn ń pe ìdíwọ́ ilé náà ní ẹfun, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bá nínú páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oògùn tó tú èkíní kò lè tú ẹ̀kẹta. Ní ti ẹ̀kẹta yẹn, oògùn gan-an ló ba ibẹ̀ jẹ́.

Ibi tí ẹfun ti ń wá

Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí, lórí òkúta líle tó bí Olúmọ. Òkúta yẹn kì í tètè yọ́ sínú omi, torí náà ọṣẹ díẹ̀ ti tó láti hó kún ọwọ́. Ní London, ọṣẹ dúdú tí a dì wá láti ilé gan-an kì í hó bó ṣe yẹ, á sì tún fi nǹkan bí eérú sára báàfù. Ohun tó fà á ni òkúta ẹfun. Inú odò Thames àti odò Lea ni ọ̀pọ̀ omi London ti ń wá, ilẹ̀ òkúta ẹfun ni odò méjèèjì sì ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ìlú. Bákan náà ni New River, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ láti Hertfordshire wọ London, tí wọ́n parí ní 1613: orísun tó ń sun láti inú ẹfun ló ti bẹ̀rẹ̀, omi rẹ̀ sì ṣì wà lára èyí tí London ń mu.

Òjò fúnra rẹ̀ kò ní ẹfun nínú. Bó ṣe ń rọ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ carbon dioxide dání, bó bá sì dé inú ilẹ̀, níbi tí gbòǹgbò àti àwọn kòkòrò ti ń mí, á tún gbé púpọ̀ sí i. Omi náà á wá di ásíìdì tí kò lágbára. Ìwọ̀nba agbára tó ní yẹn ló fi ń jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀, tó fi ń gbé e lọ láìsí ẹni tó lè fojú rí i. Bí iná bá kan omi yìí, carbon dioxide á bọ́ kúrò lára rẹ̀. Omi ò ní lè gbé ẹrù ẹfun náà mọ́, ibi tó bá sì ti gbóná jù ni yóò jù ú sí. Iyọ̀ àti ṣúgà máa ń yọ́ dáadáa bí omi bá gbóná. Ti ẹfun kò rí bẹ́ẹ̀, bí omi ṣe ń gbóná sí i ló ń dì. Ìdí nìyẹn tí inú kẹ́tù fi máa ń funfun nígbà tí jọ́ọ̀gì omi tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní nǹkan kan lára.

Kì í ṣe iná nìkan ló ń mú un dì o. Bí omi bá ń gbẹ lẹ́nu ẹ̀rọ, tàbí tó ń ru gùdù níbi tí afẹ́fẹ́ carbon dioxide ti lè sá jáde, á dì. Ọ̀nà omi tí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ kọ́ lọ sí ìlú Nîmes ní ilẹ̀ Faransé, èyí tó gba orí afárá Pont du Gard, omi tútù ni gbogbo ohun tó gbà kọjá, síbẹ̀ ẹfun dì mọ́ ògiri rẹ̀ títí ọ̀nà fi há mọ́ omi.

Ẹni tó bá ń gbé Ewékorò tàbí Ìbẹṣẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Òkúta tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò láti 1960, calcium carbonate ni, ohun kan náà tó dì mọ́ inú kẹ́tù Màmá. Omi tó bá gba àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá, ì báà jẹ́ kànga ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ì báà jẹ́ odò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò le.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹfun inú lítà omi kan bá ti kọjá 200 miligíráàmù, omi líle nìyẹn. Omi London kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀: nínú 1,000 lítà, ẹfun tó ń bá omi rìn lé ní 200 gíráàmù. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń dì sílé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá dì ń gorí ara wọn lọ́dọọdún.

Omi gbígbóná

Korobá lítà 10 àti aago fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Omi tútù ilé ìwẹ̀ kún korobá náà kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Omi gbígbóná, nínú ìṣẹ́jú kan, kò ju lítà 2 àti díẹ̀ lọ. Ìwọ̀n kékeré yìí ti sọ púpọ̀ fún mi. Omi kan náà ló ń wọlé fún méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi páìpù méjèèjì sí ògiri. Bó bá jẹ́ pé ẹfun ti dí páìpù ilé lápapọ̀, omi tútù náà ì bá ti ń ro.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí omi gbígbóná ibẹ̀. Òun náà kéré, á gbóná, á tún ṣàdédé tutù, bọ́ílà tó wà lókè rẹ̀, ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú omi ilé gbóná, sì ń kùn bí omi ṣe ń gba inú rẹ̀. Ibi méjì ni mo wá fura sí: ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lókè, àti inú bọ́ílà fúnra rẹ̀. Páìpù tó so wọ́n pọ̀ ni mo fi sí ìkẹyìn, torí òun ni wíwò rẹ̀ nira jù.

Ibi tó rọrùn ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Mo tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi, mo tú orí ṣáwà, mo tú rọ́bà rẹ̀, mo sì yọ àwọ̀n tín-ín-rín tó wà lẹ́nu ibi tí omi ti ń wọ ẹ̀rọ ṣáwà. Àwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ti Màmá ti dí débi pé n kò rí ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí mo gbé e sókè sójú wíńdò.

Citric acid oníyẹ̀fun ni mo fi rẹ wọ́n, 100 gíráàmù sínú lítà kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà. Ibi tí ẹfun bá wà, á máa hó, torí kì í ṣe gbogbo carbon dioxide ló bọ́ kúrò lára omi lọ́jọ́sí; èyí tó há mọ́ inú ẹfun ni ásíìdì ń lé jáde báyìí. Bí híhó bá dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ pé ẹfun ti tán, ó sì lè jẹ́ pé agbára ásíìdì ló tán. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n rọrùn. Máa tọ́jú èérún ẹfun díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ju ọ̀kan sínú omi náà. Bó bá hó, ásíìdì ṣì wà láàyè. Bí kò bá hó, da á nù, kí o po òmíràn.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí n kò lo fínígà. Fínígà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Fínígà tí a ń rà nílé ìtajà jẹ́ ásíìdì bí ìdá 5 nínú 100, torí náà lítà kan rẹ̀ kò lè tú ju nǹkan bí 40 gíráàmù ẹfun lọ, bó ti wù kí a fi sílẹ̀ pẹ́ tó. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù citric acid lè tú ohun tó lé ní 70. Kò ní òórùn tí yóò gba ilé kan, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun kan ló yẹ kí a ṣọ́ra fún: kí omi náà má hó lórí iná. Citric acid àti calcium lè para pọ̀ di ìyẹ̀fun funfun mìíràn tí kì í fẹ́ yọ́, ìyẹ̀fun yìí sì ń dì jù nínú omi tó gbóná gan-an. Mo ti bá a nínú kẹ́tù àwọn tó ń se citric acid lórí iná, tí wọ́n wá ń sọ pé oògùn náà kò jẹ́.

Ẹ má fi ásíìdì kankan sílẹ̀ mọ́jú lára irin tí wọ́n fi chrome kùn, ẹ má sì jẹ́ kó kan òkúta mábù tàbí aluminium. Mábù fúnra rẹ̀, calcium carbonate ni. Bí ásíìdì ṣe ń jẹ ẹfun, bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ òun náà.

Lẹ́yìn tí mo dá orí ṣáwà àti àwọ̀n padà, omi gbígbóná gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ọ̀rọ̀ wá ku bọ́ílà. N kì í fọwọ́ kan inú bọ́ílà tó ń lo gáàsì, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn tó ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ gáàsì, èyí tó rọ́pò ìwé CORGI àtijọ́ ní 2009. Mo bá Màmá pe ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí, mo dúró tì í kí n lè rí ohun tó bá.

Nínú irú bọ́ílà yìí, omi kì í dúró sínú táńkì. Ó ń sáré gba àárín àwọn awẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò pọ̀, òdìkejì awẹ́ kọ̀ọ̀kan ni omi gbígbóná bọ́ílà ń gbà, ibẹ̀ ni ooru ti ń kọjá sínú omi tí a ó fi wẹ̀. Ọ̀nà tó wà láàárín awẹ́ kan àti èkejì kò fẹ̀ rárá. Ibi tó gbóná jù nínú gbogbo ọ̀nà omi ilé nìyẹn, ibẹ̀ náà ló há jù. Ẹfun ò tún wá ibòmíràn lọ. Ọ̀gá náà ní òun ì bá fi ásíìdì fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti dí kọjá bẹ́ẹ̀: ásíìdì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kọjá kó tó lè jẹ ẹfun, ibi tó ti dí pátápátá kò sì ní jẹ́ kó wọlé. Tuntun ló fi síbẹ̀.

Kó tó dá a padà, mo ní kó jẹ́ kí n yẹ ẹnu páìpù bàbà tó ń lọ sí ilé ìwẹ̀ wò. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó fọ́ ògiri kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ẹfun tó wà nínú rẹ̀ kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ. Páìpù náà fẹ̀ ní milimítà 15, kò sì sóhun tó ṣe é. Bí ẹ bá ti kúrò lẹ́bàá ibi tí omi ti ń gbóná, ẹfun máa ń dín kù kíákíá. Ilẹ̀ àti ògiri Màmá kò gba òòlù kankan.

A tún gbé korobá síbẹ̀. Lítà 9 nínú ìṣẹ́jú kan, ó sì gbóná láìdáwọ́ dúró. Màmá na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Olúwa ṣeun. Látọjọ́ yìí ni mo ti ń pọn omi kẹ́tù gòkè."

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ gba ọwọ́ mi níbí kì í ṣe páìpù. Mo ṣí táńkì omi rẹ̀, mo rí ègé blíìṣì tí wọ́n so síbẹ̀ kó lè máa pa kòkòrò. Mo yọ ọ́ jù sí ìta, mo ṣí fèrèsé, mo fi omi ṣan àwo náà léraléra títí n kò fi gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Bí blíìṣì bá pàdé ásíìdì, afẹ́fẹ́ chlorine ló ń jáde, èyí tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun ní Ypres, ní ilẹ̀ Belgium, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1915. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó há, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó da ásíìdì síbẹ̀ ṣáájú kò wo inú táńkì yẹn. Mo dúpẹ́ pé Màmá kò sí nítòsí lọ́jọ́ náà.

Ẹfun tó wà nínú àwo àti páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ kì í funfun. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó ń rùn, ó sì le ju ti kẹ́tù lọ. Ìtọ̀ ló dá a. Urea wà nínú ìtọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú páìpù sì máa ń sọ ọ́ di ammonia, èyí tó máa ń ta èèyàn nímú. Ammonia yìí ń sọ omi ibẹ̀ di òdìkejì ásíìdì. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, calcium inú omi àti phosphate inú ìtọ̀ á dì pọ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara páìpù, ara rẹ̀ á rí jágajàga, bébà á máa há síbẹ̀. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ìtọ̀ ríbi dúró pẹ́ sí lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ń bi ara mi ni pé: níbo ni ìtọ̀ ti ń dúró nínú páìpù yìí? Ọ̀nà tó dáa yẹ kó rọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 nínú sẹ̀ǹtímítà 40, kí gbogbo nǹkan lè máa ṣàn lọ. Mo ti kámẹ́rà wọlé láti máńhòòlù ẹ̀yìnkùlé. Páìpù irin àtijọ́ tó lọ sókè dára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ike milimítà 110 tó jáde lára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ bá a, ti tẹ̀ láàárín. Irin tó dì í mú ti bọ́ kúrò lára ògiri. Ibi tó tẹ̀ yẹn ni omi ń dúró sí, ibẹ̀ ni ẹfun ìtọ̀ sì ti gba bí ìdajì ọ̀nà náà.

Mo lè da ásíìdì sí i kí n sì lọ. Ìdíwọ́ náà ì bá tú fún ìgbà díẹ̀, kó tún padà wá, torí ọ̀pá á ṣì tẹ̀. Ọ̀pá ike kò wọ́n, ìta ló wà, kò ga ju orúnkún lọ. Mo gé e kúrò, mo fi tuntun síbẹ̀, mo gbá irin tuntun mọ́ ògiri ní àlàfo tó sún mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀, mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo bó ṣe rọ̀. Nígbà tí mo la ọ̀pá àtijọ́ náà, ẹfun inú rẹ̀ wà ní ìpele-ìpele. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ti nípọn, níbi tí omi ń dúró sí. Lókè, ike náà ṣì ń dán.

Ibi tí ọ̀pá ti wọ páìpù irin kò ṣeé gé. Ẹ̀wọ̀n tó ń yí lórí wáyà, tí a so mọ́ dírílì, ni mo fi ha ibẹ̀, èyí tí kò ní ìka mímú. Mo jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́. Irin àtijọ́ lè sán bí ẹ̀wọ̀n bá ń nà án lágbára, ásíìdì tó le náà sì ń jẹ irin bó ṣe ń jẹ ẹfun, bí irin ọ̀hún bá sì ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀, ihò lẹ máa bá. Mo gbé asẹ́ sí ìsàlẹ̀ máńhòòlù kí n tó tan dírílì. Gbogbo ẹ̀ẹ́rún tó bọ́ ni mo kó jáde. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n bá omi lọ, ìdíwọ́ ló ń gbé lọ sí ọ̀nà omi gbogbo àdúgbò.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni mo lo ásíìdì alágbára fún, hydrochloric acid tí àwọn bíríkìlà fi ń fọ bíríkì. Mo kọ́kọ́ fi kànrìnkàn gbọ́n gbogbo omi inú ọrùn rẹ̀ kúrò, torí omi ń sọ ásíìdì di aláìlágbára kó tó dé ibi iṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, gọ́gù lójú, fèrèsé ṣíṣí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń dà á, mo ń dúró kó hó tán kí n tó fi kún un. Màmá fẹ́ yọjú wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má wọlé o. Ẹ jókòó sí pálọ̀, màá pè yín."

"Ṣé ìwọ ò ní ṣe ara ẹ léṣe báyìí?"

"Mo ti bo ara, Màmá."

Síńkì ilé ìdáná

Kò sí ẹfun kankan níbí. Ọ̀rá ni.

Mo mọ̀ kí n tó tú u, torí omi tútù ló ń gba ibẹ̀ jáde jù, kò sí ìtọ̀ níbẹ̀, èérún tí mo fi wáyà fà jáde sì ń tẹ̀ lábẹ́ èékánná. Mo ju u sínú citric acid, kò hó. Mo fi sínú omi gbígbóná tó ní ọṣẹ ìfọwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Àyẹ̀wò yìí kò ná èèyàn ní nǹkan kan, ó sì yẹ kí ó ṣáájú ìgò ásíìdì èyíkéyìí.

Omi líle ṣì ní ọwọ́ nínú rẹ̀ o. Calcium inú omi máa ń so pọ̀ mọ́ ọ̀rá àti ọṣẹ, wọ́n á di nǹkan líle tí kì í yọ́ sínú omi. Ohun kan náà tí ọṣẹ dúdú ń fi sára báàfù ni. Bó bá pọ̀ lábẹ́ ìlú, òkè ọ̀rá ló ń dà: ní 2017 wọ́n rí ọ̀kan lábẹ́ Whitechapel, ní ìlà-oòrùn London, tó gùn tó mítà 250, tó wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù 130, Museum of London sì pàtẹ ègé rẹ̀ fún aráàlú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ásíìdì tí wọ́n dà síbẹ̀ ṣáájú mi ló wá dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Mo rí ìgò rẹ̀ lábẹ́ síńkì, sulphuric acid ni. Bó bá kan omi, ó ń gbóná gan-an, ooru yẹn sì ti mú kí páìpù ike milimítà 40 rọ̀, ó ti wọ́ sílẹ̀ láàárín. Ọ̀rá wá rí kòtò tuntun dúró sí. Kódà bó bá jẹ́ ẹfun ló wà níbẹ̀, sulphuric acid kọ́ ni oògùn rẹ̀: òun àti ẹfun máa ń para pọ̀ di gypsum, ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, èyí tí kì í fẹ́ yọ́, tó ń bo ẹfun tó kù mọ́lẹ̀ kí ásíìdì má lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti 2018, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò lè ra èyí tó ju ìdá 15 nínú 100 lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà dára lójú mi.

Mo pààrọ̀ páìpù náà, mo tú tíráàpù, ọrùn páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ síńkì, mo ha á mọ́, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ èyí tó kù títí dé ìta. Mo wá bá Màmá sọ̀rọ̀ ọ̀rá.

"Èmi kì í da epo sí síńkì o. Ta ló kọ́ mi?"

"Mo mọ̀, Màmá. Ti ara àwo ni mò ń sọ, àti ti páànù tí ẹ fi dín dòdò. Ẹ fi bébà nù wọ́n kí wọ́n tó kan omi."

Wọ́n rò ó. Wọ́n ní ìyá àwọn pàápàá máa ń fi ewé nu ìkòkò kó tó lọ sódò, pé omi ẹ̀rọ ló jẹ́ kí àwọn gbàgbé. Látọjọ́ náà, agolo tòmátò kan wà lẹ́bàá sítóòfù tí wọ́n ń da epo gbígbóná sí, bó bá dì, inú ìdọ̀tí ló ń lọ.

Kó má baà tètè padà

Ẹfun yóò padà wá, torí omi kò yí padà. Ohun tí a lè ṣe ni kó pẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń rọ omi ló lágbára jù. Inú rẹ̀ ni omi ti ń fi calcium sílẹ̀ tí sodium ń rọ́pò rẹ̀, iyọ̀ ni a sì fi ń fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè. Nílé tó ní ẹ̀rọ yìí, a máa ń fi ẹ̀rọ omi kan sílẹ̀ ní ilé ìdáná fún mímu, tí kò gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sáyè rẹ̀ lábẹ́ síńkì Màmá, wọn kò sì lè máa gbé àpò iyọ̀ ní ọjọ́ orí wọn. Àwọn irin onímágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù, n kò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn tó láti fi owó ẹlòmíràn rà á.

Ọ̀nà mìíràn tí inú mi máa ń dùn sí nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀ ni ti Thomas Clark, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Aberdeen, ẹni tó gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1841. Ẹfun tí wọ́n ti sun ló ní kí wọ́n dà sínú omi láti fi yọ ẹfun kúrò. Èyí tí wọ́n dà sí i á gba carbon dioxide mú, tiẹ̀ àti ti omi á jọ dì, wọ́n á rì sísàlẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìpọnmi ńlá ni, kì í ṣe ti ilé ìwẹ̀.

Ohun tí mo fi sí ilé yìí ni ike kékeré kan tó ní polyphosphate nínú, lórí páìpù omi tútù tó ń wọ bọ́ílà. Kì í yọ ẹfun kúrò. Ó ń dí i lọ́wọ́ kó má dì mọ́ irin bí omi ṣe ń gbóná. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an béèrè pé kí wọ́n tọ́jú omi tó ń wọ bọ́ílà bí líle rẹ̀ bá ju 200 miligíráàmù nínú lítà kan lọ. Kò sẹ́ni tó ṣe é nígbà tí wọ́n gbé bọ́ílà yẹn síbẹ̀. Ọ̀gá gáàsì sì tún dín ooru omi kù sí 50°C, torí bọ́ílà yìí kò ní táńkì. Ẹni tó bá ní táńkì omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: 60°C ni táńkì yẹ kó wà kí kòkòrò Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, má baà ríbi gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹfun ń dì kíákíá nínú ooru bẹ́ẹ̀.

Fún àwo ìgbọ̀nsẹ̀, mo fi ike citric acid kan sílẹ̀ fún Màmá. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù, kí wọ́n fi omi ṣàn án láàárọ̀, kí blíìṣì má sì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà mọ́.

Polyphosphate inú ike náà máa ń tán, torí náà mo kọ ọjọ́ tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ sára ike fúnra rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri. Páìpù irin àtijọ́ ẹ̀yìnkùlé ló kù. Màá tún ti kámẹ́rà wọ inú rẹ̀ kí òtútù tó dé, láti wo oríkèé tí mo ha yẹn. Bó bá ti tín-ín-rín jù, ike ni màá fi rọ́pò rẹ̀ láti orí dé ilẹ̀, Màmá sì ti mọ iye tí yóò jẹ́.